"Kí Ló Ń Ṣe Ẹ́?": Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Bi Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èdè Tó Gbọ́

Lọ́dún 2022, nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, tí gbogbo wa di ẹrù wa padà sílé, mo ríṣẹ́ olùkọ́ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Ìbàdàn. 100 level ni mo wà nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò ju fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì lọ, ṣùgbọ́n ìyá tó ni ilé-ìwé náà gbọ́ pé mo wà ní yunifásítì, ìyẹn sì tó o. Wọ́n fún mi ní kíláàsì kejì, ọmọ 24, pẹ̀lú òfin kan tó ti wà lára ògiri kí n tó débẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "vernacular". Ọmọ tó bá sọ Yorùbá, olórí kíláàsì á kọ orúkọ rẹ̀. Á san náírà 20, tàbí kó kúnlẹ̀ títí àkókò ìsinmi á fi parí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń jókòó létí fèrèsé. Ọmọ ọdún méje ni. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ti dàgbà, ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀yọ́, ọdún yẹn gan-an ni màmá rẹ̀ mú un wá sígboro. Yorùbá rẹ̀ dùn ún gbọ́. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan níta géètì, tó ń kí ìyá alákàrà kú ọjà, tó ń bi í bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti sàn, bí ẹni pé àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá ti wọ inú kíláàsì, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde wá bá mi nídìí tábìlì, ó ní, "Aunty, something is doing me." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní kó sọ ọ́ dáadáa: "Say, I am not feeling well." Ó tún un sọ tẹ̀lé mi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yìn ín. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ara rẹ̀ ò gbóná. Mo ní kó padà sáyè rẹ̀, kó gbórí lé tábìlì, kó sinmi. Lójú tèmi, mo ti ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: mo ti tún Gẹ̀ẹ́sì ọmọ ṣe, mo sì ti tọ́jú aláìsàn.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá alákàrà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí a ti jáde. Ó ní, "Áńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin méjì kan ló ń gba oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn tọ́yílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti máa ń dè é. Wọ́n ní tó bá lọ sọ, àwọn á ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pé ó ń sọ Yorùbá. Ọmọ náà kì í lọ tọ̀ mọ́ báyìí, ó ń tọ̀ sára ni."

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín, mà?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. Ó ní, "Òun náà ni. Ó ti pẹ́ tó ti sọ fún mi."

Mo ti lọ, mo ti bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà. Olùkọ́ mẹ́sàn-án ló wà nílé-ìwé yẹn, pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ìwé kan. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wa. Obìnrin tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì, tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan nílé-ìwé náà, òun ló mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ọmọ náà jù wá lọ. Òun nìkan ni àgbàlagbà tí ọmọ náà lè bá sọ̀rọ̀ láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán láìsan owó ìtanràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, nítorí pé nísinsìnyí tí mo ti fẹ́ jáde ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo ṣe fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. "Something is doing me" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́ lásán. Gbólóhùn Yorùbá ni, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀: "Nǹkan ń ṣe mí." Gbogbo wa la sì mọ bí gbólóhùn yìí ṣe fẹ̀ tó. Orí fífọ́ lè wà níbẹ̀. Ebi lè wà níbẹ̀. Ẹ̀rù, ìbànújẹ́, ìjà tí wọ́n jà nílé lálẹ́ àná, ẹni tó ń fìyà jẹ ni, gbogbo rẹ̀ ló lè wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ kì í fi í dúró síbẹ̀. Á ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Gbólóhùn tó ń béèrè fún ìbéèrè mìíràn ni. Ṣùgbọ́n "I am not feeling well" tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ létí tèmi. Àìsàn ara ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, ọrùn ni mo sì fọwọ́ kàn. Ọmọ náà gbé ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ wá bá mi, mo tì í, mo ṣí fèrèsé kékeré kan fún un. Ohun tó fẹ́ sọ kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ tún wo àwọn gbólóhùn tí ọmọ Yorùbá fi ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ń tì mí. Inú ń bí mi. Àárò màmá mi ń sọ mí. Ìyà ń jẹ mí. Ó sú mi. Àwa tí a ti jókòó nínú kíláàsì síńtáàsì, ẹ ti rí i: ọmọ kọ́ ni olùwà níbẹ̀, ọmọ ni àbọ̀. Ẹ̀rù ló ń ṣe nǹkan, ọmọ ni a ń ṣe é sí. Mi ò sọ pé Yorùbá dára ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nítorí èyí, èdè kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, ó ti ní gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí lọ́wọ́. Ilé ló ti kó wọn wá. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rù àti ìtìjú, ó mọ pé àyà tó ń já kì í ṣe inú tó bàjẹ́. Àwa la dúró lẹ́nu géètì, tí a gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a fún un ní "fine", "sick" àti "sorry", tí a wá ní kó lọ gbé ilé ayé láàárín ọmọ 24.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ló mú ọmọ yìí dákẹ́?

Nígbàkigbà tí a bá ń jà fún èdè Yorùbá ní ẹ̀ka wa, ọ̀rọ̀ àṣà ni a máa ń sọ. A ó ní èdè wa ń kú lọ, a ó ní àwọn ọmọ òde òní ò mọ òwe mọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tó ń tọ̀ sára kò mọ̀ pé èdè kan ń kú lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbà pọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òfin "ẹ má sọ Yorùbá" nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ àṣà. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ ni. Kò sí bí ilé-ìwé ṣe lè sọ pé òun ń bójú tó ọkàn ọmọ, kó sì tún fòfin de èdè tí ọkàn náà fi ń sọ̀rọ̀.

Òfin yìí tún ń ba àárín àwọn ọmọ jẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: olùkọ́ kan kò lè gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ 24 ń sọ, nítorí náà ó ní láti fi ọmọ ṣọ́ ọmọ. Olórí kíláàsì á di amí. Ọmọ tó bá ń bínú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á lọ fi í sùn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pa ọmọ tèmi lẹ́nu mọ́ gan-an nìyẹn: àwọn tó ń gba oúnjẹ rẹ̀ kò nílò ẹgba, òfin ilé-ìwé ni ẹgba wọn. Nǹkan yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ngũgĩ wa Thiong'o ròyìn nínú ìwé rẹ̀ Decolonising the Mind, tó jáde ní 1986, bí wọ́n ṣe máa ń fún ọmọ tó bá sọ Gĩkũyũ nílé-ìwé ní Kẹ́ńyà ní bọ́tìnì kan, tí ọmọ náà á máa wá ẹlòmíràn tó sọ ọ́ láti gbé e fún, tí ọmọ ìkẹyìn lọ́jọ́ náà á sì sọ ẹni tó gbé e fún òun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí wọ́n á fi mọ gbogbo ẹni tó jẹ̀bi. Ní Wales náà, láàárín àwọn ọdún 1800 sí 1900, wọ́n máa ń fi pákó kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè Wẹ́ẹ̀sì nílé-ìwé. Ọgbọ́n kan náà ni: kí ọmọ máa ṣọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà ni a óò wá kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìwà pé kí wọ́n fẹ́ràn ẹnìkejì wọn.

Bí a bá fẹ́ tẹ̀lé òfin orílẹ̀-èdè wa pàápàá, Abala 11 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí iyì, pé a kò gbọdọ̀ hùwà tó ń tẹ́ni lógo sí i. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí a lè fún kí ọmọ kúnlẹ̀ níwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ìjọba ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàùsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Mi ò fara mọ́ ìpinnu yẹn, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà ò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kódà ká ní a gbà á bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni ni. Ìṣirò lè wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹkún kò ní láti wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù tó ń bani mi ni wí pé àwọn ilé-ìwé tó ti ń fìyà jẹ ọmọ nítorí Yorùbá tẹ́lẹ̀ á gba ìkéde yìí gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní kí wọ́n lọ máa fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn òbí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tiwọn le, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Màmá ọmọ yẹn ń ta aṣọ ọ̀kírìkà ní Gbági kó tó lè san owó ilé-ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sanwó fún. Ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC, Gẹ̀ẹ́sì ni JAMB, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi bi ọmọ òun ní ìbéèrè lọ́jọ́ tó bá ń wáṣẹ́. Kò purọ́. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ àkànṣe tí mo ń kọ lórí gbólóhùn èdè Yorùbá kí n tó gboyè, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́. Nítorí náà, mi ò ní dúró síbí kí n máa pariwo pé kí wọ́n má kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo máa sọ fún wọn ni pé ìjìyà kì í kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kọ́ ọ ní dídákẹ́. Ẹni tó ti ka iṣẹ́ Stephen Krashen lórí kíkọ́ èdè kejì á rántí pé ìbẹ̀rù àti ìtìjú dà bí asẹ́: tí wọ́n bá ti wà níbẹ̀, èdè tí à ń kọ́ ọmọ kì í wọlé dáadáa. Ọmọ etí fèrèsé yẹn kò ní Gẹ̀ẹ́sì tó dára sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ìtanràn. Ẹ̀rín tí a rín in lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kó tún gbìyànjú mọ́. Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì kẹ́yìn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Gbogbo wa la kọ ọ́ nínú ìdánwò 200 level, a gba máàkì wa, a sì gbàgbé rẹ̀.

Ìbéèrè kejì tún wà tó yẹ ká dáhùn. Kíláàsì tó ní èdè púpọ̀ ńkọ́? Ní Sábó ní Ìbàdàn, ẹ ó rí ọmọ Haúsá. Ní Àgbádárìgì, ẹ ó rí ọmọ Ègùn. Ní Èkó, kò sí èdè tí ẹ ò ní rí. Bí mo bá wá ní Yorùbá ni kí gbogbo wọn máa fi sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ tèmi gan-an ni mo ń ṣe fún ọmọ Haúsá yẹn. Ọmọ kan sì lè wà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí ọmọ bá gbé wá ni kí a fi gbọ́ ọ. Bí olùkọ́ kò bá gbọ́ èdè náà, kó wá ẹni tó gbọ́ ọ: olùkọ́ mìíràn, ọmọ kíláàsì òkè tó ṣe é fọkàn tán, màmá tó ń tajà lẹ́nu géètì. Kò sí ilé-ìwé tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo sì ní láti sọ òtítọ́ kan tó máa dùn wá díẹ̀. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Yorùbá tí à ń sọ fún àwọn ọmọ wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Dákẹ́ jẹ́ẹ́, àgbà ń sọ̀rọ̀." "Ọkùnrin ni ẹ́, o ń sunkún!" "Kí lo ṣe fún un kó tó nà ẹ́?" Ilé-ìwé ìjọba kan tó wà ládùúgbò wa, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ tó bá sì lọ fi ẹjọ́ sùn níbẹ̀, ó lè jẹ́ òun ni wọ́n á kọ́kọ́ nà. Nítorí náà, kí èdè wà kò tó, etí náà gbọ́dọ̀ wà. Àwa kan náà la ń pòwe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n tí a kò gbọ́ kò lè dá ìlú kankan.

Kí ni kí ilé-ìwé wá ṣe? Mi ò ní béèrè ohun tó ń ná owó.

Àkọ́kọ́, kí wọ́n nu òfin yẹn kúrò lára ògiri. Kí ìtanràn parí, kí ìkúnlẹ̀ parí, kí kíkọ orúkọ parí. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n yìn ín nígbà tó bá sọ ọ́.

Èkejì, kí olùkọ́ kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ọmọ ń sọ kó tó tún bó ṣe sọ ọ́ ṣe. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ká ní mo bi ọmọ yẹn pé kí ló ń ṣe ẹ́, tí mo sì fi "I am not feeling well" sílẹ̀ di ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìyà ni mi ò bá gbà lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a tún ìkíni àárọ̀ wa ṣe. Gbogbo wa la mọ orin tí wọ́n ń kọ tí olùkọ́ bá wọlé. Ọmọ 24 á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ní àwọn wà dáadáa, àwọn dúpẹ́. Ẹni tí ebi ń pa wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n nà kó tó kúrò nílé wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló wà dáadáa. Yorùbá tó ní ìkíni fún òjò, fún oòrùn, fún ìrìn àti fún ìjókòó! Kí olùkọ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọmọ bíi márùn-ún lójúmọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ṣé o sùn dáadáa? Ta ló mú ẹ wá lónìí? Ọwọ́ ẹ ńkọ́?" Láàárín ọ̀sẹ̀ kan á ti kárí gbogbo wọn, á sì mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ yí padà.

Ẹ̀kẹrin, àlọ́ àti eré. Nínú àlọ́, ọmọ lè sọ pé Ìjàpá gba oúnjẹ ẹlòmíràn jẹ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí gbogbo kíláàsì sì jọ dá ẹjọ́ Ìjàpá. Ọmọ tó ń gba oúnjẹ ọmọ á wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi dá a. Bojúbojú, ten-ten, òkòtó, gbogbo wọn ló ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń dúró de àyè ẹni, bí a ṣe ń fìdí rẹmi láìjà, bí a ṣe ń fa ẹni tó dá dúró wọ inú ẹgbẹ́. Àwọn ilé-ìwé kan ti yọ wọ́n kúrò nítorí pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe é.

Mo mọ̀ pé èdè nìkan kò lè wo gbogbo rẹ̀ sàn. Ọmọ tí wọ́n ń lù nílé, ọmọ tí òbí rẹ̀ kú, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti dárú jìnnà, ó nílò ju olùkọ́ onísùúrù lọ. Ó nílò dókítà, ó nílò òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ràn, nígbà mìíràn ó nílò ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n a kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn wọ̀nyí bí ọmọ kò bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó wá kan àwa náà. Lọ́dọọdún, ní 21 oṣù kejì, à ń ṣe Àyájọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé tí UNESCO dá sílẹ̀ ní 1999. À ń wọ aṣọ òfì, à ń jẹ àmàlà, ọ̀gá kan á ka bébà, a ó ya fọ́tò, a ó lọ sílé. Mo gbádùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa pín sí mẹ́ta-mẹ́ta, kí a lọ sí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yí ọgbà wa ká. Kí a mú páálí dání, tí a ya ojú èèyàn sí: ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ojú ẹni tí àárò ń sọ, ojú ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Kí a kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè yòówù tí a bá bá níbẹ̀. Àwa tí a mọ ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀, iṣẹ́ wa nìyẹn. A lè bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan pé ọmọ tó ń sọ Yorùbá kò ya aláìgbọ́n. Bí ilé-ìwé méjì péré bá yọ òfin náà kúrò lára ògiri wọn, ó sàn ju fọ́tò lọ.

Ní ti ọmọ náà, ní ọjọ́ kejì tí ìyá alákàrà bá mi sọ̀rọ̀, mo mú un lọ sẹ́yìn kíláàsì. Mo lóṣòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní, "Ọkọ mi, kí ló ń ṣe ẹ́?"

Kò dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá olórí kíláàsì wà nítòsí. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́nì kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì dánu dúró títí agogo fi lù. Gbogbo orúkọ, gbogbo ọjọ́, iye àkàrà tí wọ́n gbà. Ó rántí gbogbo rẹ̀. Ó ti tò ó sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́, ẹni tó máa gbọ́ ọ ló ń dúró dè.